Igun Tí Kò Tutù

Ọ̀sán gangan ni. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí bí èèyàn bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, òru làwọn èèyàn máa ń rò. Oòrùn ràn. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní títì Bẹ́yẹrúnká. Mo ti jẹun, ara mi le, mi ò lo oògùn kankan. Ohun tí mo fojú mi rí, tí mo sì fọwọ́ mi kàn, ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà. Èmi gan-an ì bá fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Mikail pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹẹrẹ. Fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti kóòdùrúùmù, yàrá òtútù tí wọ́n ń kó ọjà sí, ni iṣẹ́ wa. Mi ò ka ìwé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo ti kọ́ ọ, pẹ̀lú spánà lọ́wọ́, títí tí mo fi ń dá jáde. Ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ oògùn tó ń kó ọjà sí kóòdùrúùmù Alhájà Kúlúsúmù ti fàáké kọ́rí. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kò dúró lójú kan. Lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ìrun Alásárì, aṣojú wọn ń bọ̀. Bí ó bá rí i pé nǹkan ò tíì dára, wọ́n á kó gbogbo oògùn wọn jáde, wọ́n á lọ dáná sun ún, wọn ò sì ní padà wá mọ́ láéláé. Kò sí oníbàárà mìíràn nínú kóòdùrúùmù náà. Bí wọ́n bá lọ, ó parí fún Alhájà nìyẹn.

"Lọ wá ibi tó ti ń jò," ni ọ̀gá wí. "Yálà ilẹ̀kùn ni tàbí gáàsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Òun fúnra rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí nǹkan kan. Kò sọ ìyẹn fún mi kí n tó gun ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí lọ́gà jẹ́, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. A máa ń gbé e kọ́ sínú kóòdùrúùmù. Yóò máa wo bí ibẹ̀ ṣe tutù sí, yóò máa kọ ọ́ pamọ́ tọ̀sán tòru, yóò sì máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó ní ojú kékeré kan tó máa ń tàn bí ọwọ́ bá kàn án, nọ́ńbà á sì hàn níbẹ̀. Lórí fóònù, ìlà ló máa ń fà. Bí òtútù bá dúró, ìlà á gún gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ tí wọ́n fà le. Bí ibẹ̀ bá móoru, ìlà á gòkè.

Ínsúlíìnì ni wọ́n kó síbẹ̀, abẹ́rẹ́ táwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń gún. Kò gbọdọ̀ móoru, kò sì gbọdọ̀ dì. Dígírì mẹ́rin ni a fi kóòdùrúùmù náà sí. Bí oògùn yẹn bá ti móoru, ojú lásán ò lè rí i. Ara ẹni tó gún un ni yóò sọ fún un. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí n kàn pa ìlà burúkú rẹ́ lórí fóònù. Mo lè pa á rẹ́. Kò le rárá. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi ní Òjé ń gún abẹ́rẹ́ yẹn láràárọ̀.

Ilé náà wà nínú agbo ilé àtijọ́. Ẹ ó gba àárín ògiri méjì tó há kọjá kí ẹ tó débẹ̀. Páànù ti dípẹtà lókè, ògiri amọ̀ ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Lẹ́yìn ilé ni kóòdùrúùmù wà, nínú yàrá ńlá kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dí fèrèsé rẹ̀, wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì funfun mọ́ ara ògiri yí ká, wọ́n gbé ilẹ̀kùn irin sí i.

Alhájà jókòó sórí àga lágbàlá, nínú oòrùn. Súwẹ́tà ló wọ̀. Ó fi ìbòrí tó nípọn bo orí, ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Èmi ń làágùn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Mikail ò rí ẹlòmíì rán," ni ó wí. "Ìwọ tó o tín-ín-rín bíi wáyà yìí? Tí ilẹ̀kùn yẹn bá tì mọ́ ọ ńkọ́?"

"Wáyà ló ń gbé iná, mà," mo fèsì.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí mi kí n fi dìde. Mo dì í mú.

Ọwọ́ náà tutù. Kì í ṣe bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán. Ó tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde nínú yìnyín. Ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́ sínú, bí ìka tó ti kán rí tí kò jinná dáadáa. Mo rọra yọ ọwọ́ mi. Ó rí i pé mo yọ ọ́.

"Òtútù tó ń ti ibẹ̀ jáde ló mú mi," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Òtútù kóòdùrúùmù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì kì í mú ẹni tó jókòó sínú oòrùn.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fún mi. Mo ṣe iṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ki bébà sí etí ilẹ̀kùn, mo tì í, mo fa bébà náà, kò jáde. Rọ́bà ilẹ̀kùn dára nìyẹn. Mo wo gáàsì, ó pé. Kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ibẹ̀ tutù, ń dún geere. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ń gbà á lójú ẹsẹ̀. Lọ́gà mẹ́ta ló wà nínú. Ọ̀kan wà nínú páálí oògùn. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta ń rọ̀ ní igun òsì lẹ́yìn pátápátá, níbi tó yẹ kó tutù jù.

Mo ṣí fóònù. Ìlà ti inú oògùn gún. Ìlà ti ẹnu ọ̀nà gún. Ti igun yẹn ni kò gún.

Inú mi dùn. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ń ṣe ségesège láàárín mẹ́ta, a jẹ́ pé òun ló bàjẹ́. Oògùn ò ní ìṣòro. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mo tì í bọ àpò, mo sì gbé lọ́gà ẹnu ọ̀nà kọ́ sí igun náà dípò rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún Alhájà pé kó fọkàn balẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì fún mi ní omi nínú ike. Omi gbígbóná díẹ̀ ni. Mo rí i pé òun ò lè mu omi tútù mọ́.

Mo jókòó sórí ìpèpéle, mo ń wo ìlà tẹ́lẹ̀ kí n lè rí àlàyé ṣe fún aṣojú tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ara mi ti kọ́kọ́ fu.

Lọ́gà tó bàjẹ́ kì í ní ètò. Á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, bó bá ṣe wù ú. Èyí ní ètò. Òkè kéékèèké márùn-ún ló wà lójúmọ́, lójoojúmọ́, láìyẹ̀. Ọ̀kan ní ìdájí. Ọ̀kan lọ́sàn-án. Ọ̀kan nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọ̀kan ní àṣálẹ́, òmíràn sì tẹ̀ lé e láìpẹ́.

Bí mo ṣe ń wò ó ni ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé.

Mo gbé orí sókè. Mo tún wo fóònù. Àkókò ìrun márùn-ún ni.

Ohun mìíràn tún wà. Mo mọ irú òkè yẹn. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ìlà á gòkè díẹ̀, á padà. Bí iná bá lọ, gbogbo lọ́gà ló máa jọ gòkè jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí sáré gòkè, ó wá rọra, ó dúró ní dígírì ọgbọ̀n lé díẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá já sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí a bá ra lọ́gà tuntun, a máa ń dì í mú sínú ọwọ́ ká lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo ti ṣe é tó sú mi. Bí ìlà ṣe máa ń rí nìyẹn.

Àtẹ́lẹwọ́ èèyàn ni.

Mo bi Alhájà pé ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kò sí. Ó ní ọrùn òun ló ń sùn. Ó dìde lọ kírun. Èmi náà kírun tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpèpéle, ọkàn mi ò sí níbẹ̀ dáadáa, kí Ọlọ́run foríjì mí. Nígbà tí mo sálámà tán, mo ṣí fóònù. Lọ́gà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí igun yẹn, tí kò ní àbùkù kankan, ti ń gòkè.

Ilẹ̀kùn tì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Mo pinnu pé mo máa wọlé lọ wò ó níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ooru ìta á da gbogbo rẹ̀ rú, torí náà mo ní kí Alhájà tì í mọ́ mi. Ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn wà nínú, kò séwu. Mo fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa wo ìlà. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo wọlé.

Ilẹ̀kùn padé. Iná kú.

Ìta ni búọ̀tìnnì iná wà. Alhájà ti pa á bó ṣe ń pa á nígbàkúùgbà tó bá ti ilẹ̀kùn. Ó ti mọ́ ọn lára. Mo ṣí ẹnu láti pè é, mo wá rí nǹkan kan.

Ní igun òsì lẹ́yìn, ojú lọ́gà tàn.

Ẹ rántí pé ó dìgbà tí ọwọ́ bá kàn án kó tó tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mi ò rí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni mo rí. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n lé kan. Ó dúró.

Kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ náà dákẹ́. Ó máa ń sinmi bẹ́ẹ̀ bí ibẹ̀ bá ti tutù tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó dákẹ́, mo wá gbọ́ ohun tí ariwo rẹ̀ ti ń bò mọ́lẹ̀.

Tó. Tó. Tó.

Ìró kékeré. Ó ń lọ déédéé. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ìró yẹn kí n tó mọ̀rọ̀ sọ. Tẹ́sùbáà ni. Ẹnì kan ń fà á.

Mo yí padà láti wá ilẹ̀kùn. Mo na ọwọ́ síwájú nínú òkùnkùn. Nǹkan kan dì í mú.

Ọwọ́ ni. Ó gbóná. Nínú gbogbo òtútù yẹn, ó gbóná bí ọwọ́ ìyá ọmọ. Kò fún ọwọ́ mi, kò fà mí. Ó kàn dì mí mú bí àgbàlagbà ṣe ń di ọmọ mú tó bá fẹ́ bi í ní nǹkan. Ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́ sínú. Mo mọ̀ ọ́n lára.

"Ó ku mélòó?" ni ohùn náà wí.

Ohùn Alhájà ni.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni mo ṣe dáhùn.

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó fi mí sílẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe rí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Oòrùn gbá mi lójú. Alhájà dúró síwájú mi, ó di fóònù mú, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ti rí ìlà náà. Ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo wo ọmọńdinrín rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo mú lọ́gà àkọ́kọ́ jáde, èyí tí mo rò pé ó bàjẹ́. Ara mi ti mú un gbóná. Ojú rẹ̀ kọ ọgbọ̀n lé mẹ́ta.

"Ẹ bá mi dì í mú, mà," mo wí.

Ó dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́. Àwa méjèèjì tẹ̀ba lé e lórí, nínú oòrùn ọ̀sán.

Nọ́ńbà náà ń já. Ó kọjá ogún. Ó kọjá mẹ́wàá. Ó dé mẹ́rin, ó dúró.

Lókèèrè, ẹnì kan ń polówó ẹ̀kọ lọ sí ọ̀nà Ọjà'ba. Mo ń gbọ́ ọ.

"Ó bèèrè pé ó ku mélòó," mo wí.

Alhájà ò bi mí pé ta ni. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò wò mí. Ó ní ọkọ òun, Alhájì Jubril, ló dá kóòdùrúùmù yìí sílẹ̀. Òun ló lọ bá ilé iṣẹ́ oògùn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà. Ẹ̀rọ ti dé, ó wà nínú páálí lágbàlá, nígbà tó ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà. Òun jókòó tàkàbá bí gbogbo obìnrin ilé yìí ṣe ń ṣe bí ọkọ bá kú, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú yàrá, aṣọ funfun, kò sí rírí ọkùnrin, kò sí jíjáde. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni òun jókòó sí. Ìṣó kan wà ní igun òsì. Ibẹ̀ ni òun máa ń fi tẹ́sùbáà kọ́. Bí òun bá kírun tán, òun á kàn na ọwọ́ sí i láìwò ó.

Ó ní ilé iṣẹ́ oògùn ò lè dúró. Wọ́n ní bí kóòdùrúùmù ò bá tíì sí láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn á gba ibòmíràn lọ. Kò sì sí yàrá mìíràn tó gbà á nínú ilé. Àlùfáà ní òun lè jáde ṣe ohun tó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kí òun máa padà síbẹ̀ sùn títí ọjọ́ á fi pé. Òun jáde. Nígbà tí òun máa padà, wọ́n ti tú yàrá náà palẹ̀. Kò sí ibi tí òun ń padà sí.

"Mo ní n ó parí ìyókù níbòmíràn," ni ó wí. "Iṣẹ́ wá gbà mí lọ́kàn."

"Ó ku mélòó, mà?"

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún."

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo bi í pé ìgbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó kàn tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Ó dìde, ó ń lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Mo di súwẹ́tà rẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká pe Àlùfáà, ká pe Ọ̀gá Mikail, kí wọ́n kó oògùn wọn lọ bí wọ́n bá fẹ́. Àfi bí ẹni pé mo ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Jubril kú sórí iṣẹ́ yìí," ni ó wí. "Wọn ò ní kó nǹkan kan jáde níbí lónìí. Jẹ́ kí n lọ bá ara mi sọ̀rọ̀."

Ó gba kọ́kọ́rọ́. Lọ́gà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ké àgò. Ó wọlé bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró níta pẹ̀lú fóònù. Mo ń wo ìlà méjì. Ti igun wà lókè, ní ọgbọ̀n lé kan. Ti ọwọ́ Alhájà wà nísàlẹ̀, ní mẹ́rin. Wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò sún mọ́ra. Mo fi etí mọ́ irin ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí obìnrin méjì tó ń sọ ohun tí wọn ò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Ohùn kan ṣoṣo ni. Òun náà ló ń bèèrè, òun náà ló ń fèsì.

Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ó pẹ́. Òjìji ògiri ti gun àgbàlá dé ẹsẹ̀ mi. Wọ́n pe Alásárì. Ọkọ̀ kan fọn fèrè ní ojú títì, mo sì mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà nìyẹn, aṣojú ilé iṣẹ́ oògùn. Mo wo fóònù. Ìlà igun ti já sílẹ̀. Gbogbo ìlà wà ní mẹ́rin. Wọ́n gún gbọọrọ.

Mo gbá ilẹ̀kùn. Mo pe Alhájà. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ti yọ láàárín ògiri méjì, ó gbé báàgì dání, ó ń kí mi. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí láti inú.

Alhájà jáde. Ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, bí ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé. Kò sí súwẹ́tà lára rẹ̀ mọ́, kò sí ìbọ̀sẹ̀. Lọ́gà ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe rí ọkùnrin náà, ó fa ìbòrí bo ojú kíá, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ṣé ó ti pé?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ń bọ̀. Alhájà ń dúró de ohun tí n ó sọ. Bí mo bá ní kò tíì pé, mo mọ̀ pé yóò padà wọlé, ilẹ̀kùn á sì tì lójú ọkùnrin tó wá gbé oògùn rẹ̀.

"Ó ti pé, mà," mo wí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

"Ìwọ lo wọlé wá kí mi lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "O ṣeun. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo ní Muslimat, láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mikail. Ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá béèrè omi ìwẹ̀ àti aṣọ mìíràn, bí obìnrin ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ tí opó rẹ̀ bá pé, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà wo gbogbo ìlà. Mo ṣàlàyé fún un pé igun yẹn ló ń yọ wá lẹ́nu, pé oògùn kò móoru rí, ó sì rí i lórí ìlà ti inú páálí pé òótọ́ ni. Ó wọ kóòdùrúùmù, ó jáde, ó ń fọwọ́ ra apá. Ó ní ibẹ̀ tutù dáadáa. Ó bi mí ní àwàdà pé ṣé mo ti rí ọkọ tó máa fẹ́ obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ ṣe. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé kò rí súwẹ́tà kan nínú ibẹ̀. Ó ní kò rí nǹkan kan bí kò ṣe páálí.

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Mikail àti àwọn alábàárù tú ibẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọ́n gbé gbogbo páálí, wọ́n wo abẹ́ pákó. Wọn ò rí súwẹ́tà, wọn ò rí ìbọ̀sẹ̀, wọn ò rí lọ́gà tí Alhájà mú wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nísinsìnyí nìyí. Kóòdùrúùmù ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ oògùn ti kún un sí i. Àbúrò ìyá mi ṣì ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Alhájà ń wọ aṣọ fífúyẹ́, ó ń mu omi tútù, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé ní ara rẹ̀ ti yá. Kì í wọ kóòdùrúùmù. Bí ó bá rí mi, ó máa ń di ọwọ́ mi mú pẹ́. Ó máa ń gbóná.

Mo ka ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó pé. Kò sí ohun tó yí padà.

Lọ́gà tó sọnù yẹn ṣì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Bátìrì rẹ̀ yẹ kó ti kú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wà ní mẹ́rin bíi tàwọn yòókù. Ó wá di mẹ́ta. Ó di méjì. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, kí n gbàgbé rẹ̀. Mi ò tíì yọ ọ́. Mi ò sì tíì sọ fún Alhájà, torí mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì, èyí tó wọlé tàbí èyí tó jáde, ni n ó máa bá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, yàrá náà wà ní mẹ́rin. Lọ́gà yẹn wà ní òdo, ó ṣì ń lọ sísàlẹ̀.